Eélòó ló ń wọ àpò awakọ̀ tírélà tuntun?

Ẹ béèrè owó iṣẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ tírélà mẹ́ta tó páàkì sí ẹ̀gbẹ́ títì tó lọ sí Ìlọrin ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ó gbọ́ ìdáhùn mẹ́ta tí kò bára mu. Ọ̀kan á ní ₦80,000. Ìkejì á ní ₦400,000. Ẹ̀kẹta á rẹ́rìn-ín, á ní bí ẹrù bá ṣe wà ni. Kò sí òpùrọ́ níbẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ń sọ owó oṣù tí wọ́n kọ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀, kò ka owó ìrìn mọ́ ọn. Ẹnì kejì ń ka gbogbo owó tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lóṣù, àti owó dísù àti owó ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni kẹta ò ní owó oṣù rárá, ìpín ló ń gbà lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó ń rú ọ̀dọ́ lójú nìyẹn nígbà tó bá fẹ́ kúrò nídìí ọ̀kadà tàbí máàrúwá bọ́ sídìí tírélà. Kì í ṣe iye tí wọ́n dá lẹ́nu ló yẹ kó kọ́kọ́ wádìí. Kó wádìí orí ohun tí wọ́n ti ń ṣírò owó náà, ohun tí wọ́n ń yọ kúrò nínú rẹ̀, àti iye ọjọ́ tí yóò fi wà lójú ọ̀nà kó tó rí i gbà. Àpẹẹrẹ ni púpọ̀ nínú iye owó tí a ó fi ṣírò nísàlẹ̀ yìí, torí pé dísù nìkan lè da ìṣirò rú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí a ṣe ṣírò rẹ̀ ni kí ẹ mú.

Nídìí mọ́tò-bọ́ì

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ tírélà ti kọ́ṣẹ́, gẹ́gẹ́ bíi mọ́tò-bọ́ì: ẹni tó ń fi igi dá táyà dúró lórí òkè, tó ń tú táyà, tó ń so tapólì, tó sì ń sùn sí abẹ́ ọkọ̀ lóru kí wọ́n má bàa fa dísù. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, ọwọ́ awakọ̀ ni owó mọ́tò-bọ́ì ti ń jáde, kì í ṣe ọwọ́ olówó ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ní iye kan pàtó: oúnjẹ ni, owó díẹ̀ ni nígbà tí wọ́n bá já ẹrù tán, iṣẹ́ tó ń kọ́ sì ni. Ẹni tó bá ń retí owó oṣù gidi ní àkókò yìí, ìbínú ni yóò máa bá a gbé. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀gá á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sìtíárì fún un nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo, lẹ́yìn náà nígbà tí ẹrù bá fúyẹ́. Ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dìde sí i.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni líséènsì. Lẹ́tà-lẹ́tà ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí gbogbo wa ń pè ní Róòdù Séfútì, fi pín in. B wà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó tọ́ọ̀nù 3. E wà fún ọkọ̀ ńlá, ṣùgbọ́n kò kan ọkọ̀ tí orí rẹ̀ dá dúró tí ìrù rẹ̀ sì dá dúró. G ni ti irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tírélà gan-an. Ẹni tó ní E lè wa típà, kò lè wa tírélà. Bí wọ́n bá mú un, owó ìtanràn ẹ̀ṣẹ̀ líséènsì jẹ́ ₦10,000, ṣùgbọ́n èyí tó ń dunni jù kọ́ nìyẹn. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ilé iṣẹ́ adójútòfò lè kọ̀ láti sanwó nítorí pé líséènsì kò bá ọkọ̀ mu, gbogbo ẹ̀bi á sì wá bọ́ sí awakọ̀ lọ́rùn. Ẹni tó bá ń náwó sí líséènsì, kó rí i dájú pé G ló wà lára káàdì kó tó kúrò níwájú wọn.

Owó oṣù pẹ̀lú owó ìrìn

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ní ọkọ̀ púpọ̀, irú àwọn tó ń kó sìmẹ́ńtì láti Ìpínlẹ̀ Ògùn gba Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìlọrin, máa ń san owó oṣù kékeré kan tó dúró, wọ́n á sì fi owó ìrìn lé e lórí. Láti oṣù keje ọdún 2024 ni òfin ti sọ owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà di ₦70,000. Ẹ má ṣe yára fi èyí bá olówó ọkọ̀ kan ṣoṣo jà, torí pé òfin náà kò de ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, kò sì de ẹni tí wọ́n ń sanwó fún lórí iye iṣẹ́ tó bá ṣe. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ tírélà ní àdúgbò wa ló bọ́ sínú ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ká ní ilé iṣẹ́ kan ń san ₦100,000 lóṣù, tó sì ń fi ₦25,000 lé e fún ìrìn kọ̀ọ̀kan. Ìrìn 6 lóṣù, ₦250,000. Ìrìn 3, ₦175,000. Ìrìn kan, ₦125,000. Ilé iṣẹ́ kan náà, iṣẹ́ kan náà, owó ẹnì kan lè jẹ́ ìlọ́po méjì ti ẹnì kejì. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní "awakọ̀ wa ń gba ₦250,000", ìbéèrè tó kàn ni: ìrìn mélòó ni awakọ̀ tuntun rí rìn lóṣù tó kọjá?

Ìrìn kan kì í ṣe wákàtí tí ọkọ̀ fi ń yí táyà nìkan. Èkó sí Ìlọrin tó nǹkan bíi 300 kìlómítà. Ní òpópónà, 50 kìlómítà láàárín wákàtí kan ni òfin gbà fún tírélà àti táńkà, 60 ní òpópónà márosẹ̀ oníbejì, 45 nínú ìgboro. Bí ọ̀nà bá mọ́, wákàtí 6 nìyẹn, kó tó jẹun, kó tó sinmi. Ṣùgbọ́n ó lè lo ọjọ́ méjì lórí ìlà kí wọ́n tó di ẹrù fún un, kó tún lo ọjọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà oníṣòwò tí kò tíì rí àwọn tí yóò já a, kó sì tún padà ní òfìfo. Lójú ọ̀nà wa yìí gan-an, ẹsẹ̀ Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ àti ti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin ti di oníbejì tipẹ́. Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, nǹkan bíi 52 kìlómítà, ló pẹ́ sẹ́yìn jù. Bí tírélà kan bá kú sórí ọ̀nà àtijọ́ náà, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò sùn síbẹ̀. Owó oṣù kò ní í dín kù lálẹ́ ọjọ́ náà o, àmọ́ ìrìn kan ti fò lọ.

Ohun kan wà tí wọn kì í sọ fún awakọ̀ tuntun: ọkọ̀ tó gbó jù nínú ọgbà ni wọn yóò gbé fún un. Ọkọ̀ tuntun, ti àgbà awakọ̀ ni. Ọkọ̀ tó gbó ló ń wọ ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní gbogbo ìgbà. Bíréèkì rẹ̀ ń gbóná, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń jò, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń jó. Ọjọ́ tó bá lò ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù kì í ní owó ìrìn. Awakọ̀ tuntun tó rí ìrìn 3 lóṣù àkọ́kọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ, ọkọ̀ tí wọ́n gbé fún un ni. Béèrè kí o tó gba kọ́kọ́rọ́: bí ọkọ̀ bá wọ wọ́kíṣọ́ọ̀bù ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ṣé owó ìjẹun wà, àbí wọn yóò gbé mi sórí ọkọ̀ mìíràn?

Ní ti ohun tí wọ́n ń yọ: ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó 15 gbọ́dọ̀ máa dá owó ìfẹ̀yìntì, ìdá 8 nínú 100 láti ọwọ́ òṣìṣẹ́, ìdá 10 láti ọwọ́ ilé iṣẹ́. Ìyẹn ni pé bí wọ́n bá yọ ₦8,000 nínú ₦100,000, tìrẹ ṣì ni, ó kàn wà nípamọ́. Ohun tó yẹ kí o bi wọ́n ni nọ́ńbà àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ, kí o sì máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó ń wọlé. Owó orí wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n láti oṣù kìíní ọdún 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó wọlé lọ́dún kò ní owó orí. Èyí tí wọn kò gbọ́dọ̀ yọ lára rẹ ni owó ìdáàbòbò òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Òfin ọdún 2010 ní ilé iṣẹ́ ni kó máa san án, ìdá 1 nínú 100 gbogbo owó oṣù tó ń san. Bí ẹ bá rí i lórí ìwé owó oṣù yín pé wọ́n yọ ọ́, ẹ bi wọ́n.

Ìpín: orí èwo ni wọ́n ti ń pín in?

Níbí ni owó ti ń sọnù jù, torí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Ọ̀pọ̀ olówó ọkọ̀ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ̀ kan tàbí méjì ni wọ́n ní. Wọn kì í san owó oṣù. Wọ́n á ní: "Ìdá 15 nínú 100 ni tìrẹ." Ó dùn létí. Àmọ́ ìdá 15 nínú èwo?

Ẹ wò ó. Ẹrù Èkó sí Ìlọrin, oníṣòwò san ₦900,000. Tírélà tó ru tọ́ọ̀nù 30 lè mu nǹkan bíi lítà 45 dísù fún 100 kìlómítà. Tó bá ṣófo, nǹkan bíi 30. Àlọ 300 kìlómítà gba lítà 135, àbọ̀ gba 90, àpapọ̀ 225. Ká fi ₦1,200 ṣírò lítà kan, ₦270,000 ti lọ. Alárinà tó bá wọn wá ẹrù gba ìdá 10, ₦90,000. Owó ọ̀nà, ₦60,000. Ó ku ₦480,000.

Bí olówó ọkọ̀ bá ṣírò ìdá 15 lórí ₦900,000, ₦135,000 ni ti awakọ̀. Bó bá ṣírò rẹ̀ lórí ₦480,000, ₦72,000 ni. Ìyàtọ̀ ₦63,000 lórí ìrìn kan ṣoṣo, ẹnu àdéhùn kan náà, kò sì sẹ́ni tó parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà kò ju gbólóhùn kan lọ nígbà àdéhùn: kí a tó yọ ìnáwó ni, àbí lẹ́yìn tí a bá yọ ọ́? Tó bá jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́, kí wọ́n tún dárúkọ ohun tó ń jẹ́ ìnáwó. Táyà tuntun wà níbẹ̀ bí? Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Tí olówó ọkọ̀ bá ra táyà mẹ́rin lóṣù yìí tó sì yọ gbogbo owó rẹ̀ kó tó pín, awakọ̀ ti bá a ra táyà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Owó ọ̀nà náà ní ìbéèrè tirẹ̀. Inú rẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì, owó ọdẹ níbi tí wọ́n bá sùn sí, owó fọkanáísà, oúnjẹ awakọ̀ àti mọ́tò-bọ́ì wà. Àwọn kan ń fún awakọ̀ ní iye tó dúró: ohun tó bá ṣẹ́kù di tirẹ̀, ohun tó bá sì lé, òun ni yóò fi kún un. Àwọn mìíràn ń béèrè ìṣirò. Èyí tó dúró dára nígbà tí ọ̀nà bá mọ́. Tí ọkọ̀ bá kú sí Odò Ọbà fún ọjọ́ mẹ́ta, owó ọ̀nà ọjọ́ méjì á tán, ìpín tí kò tíì gbà ni yóò máa jẹ.

Ẹrù àbọ̀ ló ń mú kí iṣẹ́ onípìn-ín dùn. Láti oṣù kejì títí di ìkarùn-ún tí kaṣú bá ń jáde ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ̀ tó já sìmẹ́ńtì sí Ìlọrin lè yà gbé àpò kaṣú padà sí Èkó, kó má ṣòfo. Dísù àbọ̀ tí wọn ì bá fi ṣòfò ti rí ẹni tó san án. Nígbà tí kaṣú bá lọ, wọ́n á máa wá iṣu, wọ́n á máa wá àlùbọ́sà tó ń bọ̀ láti òkè Ọya. Awakọ̀ ilé iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ dán èyí wò láìgba àṣẹ. Tírákà wà lára ọkọ̀, ọ́fíìsì sì ń wo ibi tó dúró sí. Dísù títà náà ni: ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn táńkì kọ́ ni wọ́n ń lò mọ́ níbi púpọ̀, géèjì tó so mọ́ tírákà ló ń sọ iye lítà tó sọ kalẹ̀ lójijì nígbà tí ọkọ̀ wà lójú kan.

Ọ̀rọ̀ háyà pọ́ṣéèsì kò gbà wá ní àkókò púpọ̀. Awakọ̀ tuntun kò tíì tó o. Wọ́n á gbé ọkọ̀ fún un, á máa san iye kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi di tirẹ̀, àmọ́ owó ọ̀sẹ̀ kì í dúró nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, gbogbo àtúnṣe sì ti di tirẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Bí ẹ́ńjìnnì bá bàjẹ́ nígbà tó ku oṣù mẹ́ta, àdéhùn mìíràn wà tó ní kí olówó ọkọ̀ gba ọkọ̀ rẹ̀ padà láìdá kọ́bọ̀ padà. Kó wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta kó tó ronú kàn án.

Ibi tí owó ń gbà jò

Ṣọ́téèjì, ìyẹn ẹrù tó dín, ni àkọ́kọ́. Tírélà sìmẹ́ńtì tó gbé àpò 600, tọ́ọ̀nù 30 nìyẹn, torí pé àpò kan jẹ́ kìlógíráàmù 50. Bí àpò 4 bá ya tàbí tó bá sọnù, tí wọ́n sì ka àpò kan sí ₦10,000, ₦40,000 ti kúrò lára awakọ̀ tí owó ìrìn rẹ̀ jẹ́ ₦25,000. Ó ti ṣiṣẹ́ jẹ gbèsè. Ohun tó ń fa èyí kò jìnnà: awakọ̀ kò kà á nígbà tí wọ́n ń dì í, ó fọwọ́ sí ìwé ẹrù lórí ìgbàgbọ́, irin tàbí ìṣó tó yọ lára pákó ọkọ̀ ya àpò ìsàlẹ̀, òjò gba ibi tí tapólì ti ya wọlé. Kí ó kà á, kí ó kọ àpò tó ti ya sórí ìwé náà kó tó gbéra, kí ẹni tó di ẹrù sì fọwọ́ sí i.

Ti táńkà le díẹ̀ láti lóye. Epo bẹntiróòlù máa ń wú nínú ooru, ó sì máa ń súnkì nínú òtútù, ní nǹkan bí ìdá 1 nínú 1,000 fún dígíríì Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Táńkà oní-lítà 33,000 tí wọ́n kún ní ọ̀sán gangan, tí wọ́n sì já ní ìdájí lẹ́yìn tí epo ti tutù ní dígíríì 5, lè dín ní nǹkan bíi lítà 160 láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Bí àdéhùn kò bá ní iye tí wọ́n gbà kó dín, olè ni wọn yóò pè é, wọn yóò sì yọ owó rẹ̀. Awakọ̀ táńkà tó gbọ́n máa ń béèrè iye náà kó tó gbé ọkọ̀, á sì máa wo ọ̀pá ìwọ̀n pẹ̀lú oníbùdó epo nígbà tí ọkọ̀ bá dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kì í ṣe lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2025 sì ni wọ́n ti fòfin de táńkà oní-lítà 60,000 lójú ọ̀nà, nítorí náà ẹni tí wọ́n bá fi owó ńlá fà mọ́ra láti wa irú rẹ̀, kó mọ ohun tó ń gbà.

Lẹ́yìn èyí ni ìtanràn. Eré àsápajúdé, ₦3,000. Táyà tó ti jẹ tán, ₦3,000. Yanrìn tàbí ẹrù tó lè fọ́n tí wọn kò bò, ₦5,000. Ẹrù tó pọ̀ jù, ₦10,000. Eré sísá, ẹ̀bi awakọ̀ ni, kò sí àríyànjiyàn. Àmọ́ ẹrù tó pọ̀ jù àti táyà tó jẹ tán, olówó ọkọ̀ ló pàṣẹ rẹ̀, orúkọ awakọ̀ ni wọ́n sì ń kọ sórí ìwé. Kí wọ́n ti sọ ọ́ ṣáájú pé ta ni yóò san èwo. Táyà tó jẹ tán tí wọ́n fi ru ẹrù tó pọ̀ jù lójú oòrùn ni ó sábà ń bẹ́, ìtanràn sì ni èyí tó kéré jù nínú ohun tó lè tẹ̀lé e.

Gbígbé èrò sórí ẹrù náà, owó kékeré tó ń pani ni. Ẹ fi sílẹ̀.

Ó dára kí awakọ̀ mọ̀ pé òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa kò gbà kí wọ́n kàn máa yọ owó bó ṣe wù wọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ owó ohun tó bàjẹ́ tàbí tó sọnù, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ nítorí àìbìkítà òṣìṣẹ́ tàbí ohun tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i ní kíkọ. Gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ lóṣù kan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Láàárín oṣù mẹ́ta tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó sọ iye owó rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olówó ọkọ̀ kò gbọ́ èyí rí. Kí ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ fún wọn, ẹ má fi ṣe ìjà. Ẹni tó bá fi òfin halẹ̀ mọ́ olówó ọkọ̀ lọ́jọ́ kìíní, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kì í pẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Dọ́là tó wà nínú fídíò

Gbogbo wa la ti rí i lórí fóònù: ọmọ Yorùbá kan jókòó sínú tírélà aláwọ̀ pupa ní Amẹ́ríkà, ó ní $2,500 lòun gbà lọ́sẹ̀ yìí. Ó lè jẹ́ òótọ́. Kí ẹ ṣáà fi ìbéèrè kan náà wò ó.

Ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 fi hàn pé bí wọ́n bá to àwọn awakọ̀ tírélà ibẹ̀ láti orí ẹni tó gba owó kékeré títí dé orí ẹni tó gba owó ńlá, ẹni tó wà láàárín gan-an gba $54,320 lọ́dún. Nǹkan bíi $1,045 lọ́sẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n tó yọ owó orí, àti àgbà àti ọmọdé ni wọ́n kà pọ̀. Ẹni tuntun á sábà wà nísàlẹ̀ ibẹ̀.

Máìlì ni wọ́n fi ń san púpọ̀ nínú wọn, kì í ṣe wákàtí. Máìlì kan jẹ́ kìlómítà 1.6. Ẹni tí wọ́n ń san sẹ́ńtì 55 fún, tó sì wa máìlì 2,200 lọ́sẹ̀, gba $1,210. Ẹni tí wọ́n ṣèlérí sẹ́ńtì 60 fún, àmọ́ tí wọn kò rí ju máìlì 1,600 fún un lọ, gba $960. Sẹ́ńtì tó pọ̀ jù kò mú owó tó pọ̀ jù wá. Aago náà tún wà níbẹ̀: wákàtí 11 péré ni òfin gbà kó fi wakọ̀ láàárín wákàtí 14, lẹ́yìn tó bá ti sinmi wákàtí 10 gbáko, ẹ̀rọ tó wà nínú ọkọ̀ ló sì ń kà á, kò ṣeé bẹ̀. Wákàtí tó bá fi dúró kí wọ́n di ẹrù ń jẹ nínú 14 yẹn, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í sì sanwó ìdúró àfi tó bá ju wákàtí 2 lọ. Òfin àpapọ̀ wọn kò fi dandan lé owó àṣekún fún awakọ̀ tó ń ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn ilé iṣẹ́ kan tún ń ka máìlì láti ìlú sí ìlú nínú ìwé, wọn kì í wo ohun tí mítà ọkọ̀ kà. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì, ọ̀fẹ́ ni awakọ̀ wà á.

Ẹni tó ní $2,500 nínú fídíò, ẹ wò ó bóyá òun ló ni ọkọ̀. Bó bá jẹ́ òun ló ni ín, dísù ṣì wà nínú owó yẹn, àti ìdójútòfò, àti owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé alágbàṣe ni wọ́n kọ ọ́ sí, kì í ṣe òṣìṣẹ́, òun ni yóò dá gbogbo ìdá 15.3 nínú 100 owó ìfẹ̀yìntì àti ìlera ti ìjọba san, èyí tí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá jọ máa ń pín. Háyà pọ́ṣéèsì wà lọ́hùn-ún náà o, ìwà rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti ibí. Nínú oṣù kìíní ọdún 2025, ìgbìmọ̀ tí ìjọba wọn yàn láti yẹ̀ ẹ́ wò dábàá pé kí wọ́n fòfin dè é.

Ní ti àtilọ: líséènsì Nàìjíríà kò ṣiṣẹ́ fún tírélà lọ́hùn-ún, ti Kánádà àti Mẹ́síkò nìkan ni wọ́n gbà. Ẹni tó bá fẹ́ wakọ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ pé ọmọ ọdún 21 kó tó lè gba ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, kó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dé ibi tó lè fi ka àmì ojú ọ̀nà kó sì dá ọlọ́pàá lóhùn, kó sì gba ẹ̀kọ́ dandan tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ keje oṣù kejì ọdún 2022. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni ìjọba wọn kéde pé àwọn dá físà iṣẹ́ fún awakọ̀ tírélà dúró. Ẹni tó bá ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ pé òun yóò fi físà awakọ̀ gbé wọn lọ, ẹ fi ìkéde yẹn hàn án kí ẹ tó ka owó.

Ìwé kékeré kan

Awakọ̀ tó bá fẹ́ mọ owó rẹ̀ gan-an, kó ra ìwé kékeré tó lè wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì. Fún ìrìn kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tó kúrò nílé, ọjọ́ tó wọlé, iye tí mítà kà nígbà méjèèjì, lítà dísù tó rà, owó ọ̀nà tó gbà àti èyí tó ná, ìpín tàbí owó ìrìn, ohun tí wọ́n yọ. Olówó ọkọ̀ tó bá rí i pé awakọ̀ ní ìwé, kì í sábà gbàgbé ìṣirò. Ìwé náà tún ń sọ ohun tó ń lọ nínú ẹ́ńjìnnì: bí ọkọ̀ tó ń mu lítà 45 bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu 55 lórí ọ̀nà kan náà, pẹ̀lú ẹrù kan náà, inú-fílítà afẹ́fẹ́ ti dí, tàbí bíréèkì kan ń di táyà mú, tàbí dísù ń bá ibòmíràn lọ.

Ní ìparí oṣù, kó yọ owó oúnjẹ rẹ̀ lójú ọ̀nà, kó sì pín ìyókù fún iye ọjọ́ tó fi ṣiṣẹ́. Awakọ̀ tírélà tó gba ₦250,000, tó sì wà lójú ọ̀nà fún ọjọ́ 26, tó ń jẹ ₦3,000 lójúmọ́, ₦172,000 ló kù fún un, ₦6,615 lójúmọ́. Awakọ̀ típà tó ń kó yanrìn nínú ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́, tó gba ₦190,000 fún ọjọ́ 22, tó ń jẹ ₦1,500 lọ́sàn-án torí pé ilé ló ti ń jẹ òwúrọ̀ àti alẹ́, ₦157,000 ló kù fún un, ₦7,136 lójúmọ́. Ti òjò kò tíì sí níbẹ̀ o: nígbà tí ojú ọ̀nà ibi ìwayanrìn bá di ẹrẹ̀, típà lè jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.